Pàṣípààrọ̀ Iṣẹ́ Ọnà Láàárín Àwọn Ìlú Ọ̀rẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ni à ń pè ní ìlú ọ̀rẹ́?

Ìlú méjì ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀, tí àwọn aláṣẹ wọn jọ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé àwọn yóò máa bá ara àwọn ṣe pọ̀ nínú ẹ̀kọ́, òwò, eré ìdárayá àti àṣà. Àdéhùn náà kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Ti ìlú àti ti àwọn ará ìlú ni, ibẹ̀ ni ó sì ti yàtọ̀ sí àjọṣe tí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ń ṣe.

Àwọn mìíràn ń pè é ní ìlú ìbejì. Kò burú, àmọ́ bí a bá ti dárúkọ ìbejì, ìbéèrè tó kàn ni pé ta ni Táíwò, ta ni Kẹ́yìndé, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò nínú àdéhùn yìí. Ìdí nìyẹn tí a fi mú "ìlú ọ̀rẹ́" lò nínú gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí.

Kí wá ni pàṣípààrọ̀ iṣẹ́ ọnà láàárín wọn?

Ètò kan ni tí ìlú kan fi ń gbé iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà rẹ̀, tàbí àwọn oníṣẹ́ ọnà náà fúnra wọn, lọ sí ìlú kejì, tí ìlú kejì náà sì ń gbé tirẹ̀ wá. Ó lè jẹ́ àwòrán, ère, aṣọ, ìkòkò amọ̀, fọ́tò, tàbí ògiri kan tí àwọn ayàwòrán ìlú méjèèjì jọ kùn. Bí iṣẹ́ bá lọ tí òmíràn kò sì wá, ìpàtẹ lásán ni, kò tíì di pàṣípààrọ̀.

Ìgbà wo ni irú àjọṣe yìí bẹ̀rẹ̀?

Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn máa ń tọ́ka sí ọdún 836, nígbà tí wọ́n gbé egungun Bíṣọ́ọ̀bù mímọ́ Liborius láti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé lọ sí Paderborn ní ilẹ̀ Jámánì, tí ìlú méjèèjì sì ti ń bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà náà wá. Ní ti àkókò tiwa, Toledo ti ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà àti Toledo ti Spéìn di ọ̀rẹ́ ní 1931. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọ̀rọ̀ náà gbilẹ̀: Ludwigsburg ti Jámánì àti Montbéliard ti Faransé, orílẹ̀-èdè méjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ara wọn jagun tán, bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1950. Ní 1956, Ààrẹ Eisenhower ti Amẹ́ríkà pe ìpàdé kan sí Washington lórí bí ará ìlú ṣe lè bá ará ìlú ṣọ̀rẹ́ láìka ààlà sí, inú ìpàdé náà sì ni Sister Cities International, àjọ tó ń so àwọn ìlú ọ̀rẹ́ pọ̀, ti jáde.

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí a fi ohun kan ṣoṣo hàn án tí yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé e, aṣọ tábìlì kan ni a ó fi hàn án. Ní Coventry, ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí àdó olóró àwọn Násì ti fọ́ yángá ní oṣù kọkànlá ọdún 1940, àwọn obìnrin tí iye wọn lé ní 800 jókòó ti abẹ́rẹ́ àti òwú, wọ́n kọ orúkọ wọn sára aṣọ náà, wọ́n sì fi òwú kọ ọ́ sí i pé ìrànlọ́wọ́ kékeré sàn ju ìkẹ́dùn ńlá lọ. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin Stalingrad ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà nígbà tí ogun kò tíì parí. Ní 1944 ìlú méjèèjì di ọ̀rẹ́. Stalingrad ti di Volgograd báyìí, aṣọ náà sì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí níbẹ̀. Kò pọn dandan kí ènìyàn pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ ọnà kí ó tó lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Irú iṣẹ́ ọnà wo ni àwọn ìlú sábà máa ń fún ara wọn?

Ère ìta gbangba àti agogo ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀bùn, nítorí wọ́n ń dúró pẹ́, gbogbo ènìyàn sì ń rí wọn. Yokohama ti Jàpáànù fún San Diego ní agogo ọ̀rẹ́ ní 1958. Kobe ṣe bẹ́ẹ̀ fún Seattle ní 1962.

Ibi tí a ti lè rí irú ẹ̀bùn yìí jọ ní ojú kan ni Ọgbà Àlàáfíà ní Nagasaki ti Jàpáànù. Láti 1978 ni ìlú náà ti ya apá kan ọgbà ọ̀hún sọ́tọ̀ fún ère tí àwọn ìlú àti orílẹ̀-èdè mìíràn bá fi ránṣẹ́. Ti Porto, ní ilẹ̀ Pọtogí, ni ó kọ́kọ́ dé ní ọdún yẹn gan-an. Ti Middelburg láti Nẹ́dálándì dé ní 1983, ti Santos láti Bràsíìlì ní 1988. Saint Paul ti Minnesota, tí ó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ Nagasaki láti 1955, fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní 1992. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún 37 ni ọ̀rẹ́ náà ti wà kí ère tó dé. Àwọn ìgbìmọ̀ tó máa ń fẹ́ kí ère wà nílẹ̀ ní ọjọ́ ìtọwọ́bọ̀wé ń kánjú ju bí ó ti yẹ lọ.

Ǹjẹ́ dandan ni kí ìlú wa ti ní àdéhùn kí a tó lè ṣe pàṣípààrọ̀?

Rárá o. Ilé ìpàtẹ méjì tàbí ilé ẹ̀kọ́ méjì lè dá a ṣe láàárín ara wọn. Ohun tí àdéhùn ìlú ń fi kún un ni ẹnu: lẹ́tà tí mẹ́yọ̀ bá fọwọ́ sí máa ń ṣí ìlẹ̀kùn àwọn tó ń fúnni ní físà, ti kọ́sítọ́ọ̀mù àti ti àwọn tó ní gbọ̀ngàn.

Ìlú kan sì lè ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. Paris àti Rome nìkan ni wọ́n ti fi ara wọn ṣe kan ṣoṣo láti 1956, tí wọ́n ní Paris nìkan ló yẹ Rome, Rome nìkan ló sì yẹ Paris. Àwọn ìlú yòókù kò ní irú ìgbéraga bẹ́ẹ̀.

Ṣé ọ̀kan náà ni èyí àti ẹgbẹ́ Creative Cities ti UNESCO?

Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹgbẹ́ tí ìlú ń tọrọ láti wọ̀ ni ti UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tí ìlú yóò sì yan ẹ̀ka kan tí yóò fi wọlé, bí iṣẹ́ ọwọ́, orin tàbí fíìmù. Ti ìlú ọ̀rẹ́ jẹ́ láàárín ìlú méjì, kò sì sí àjọ àgbáyé kan tí ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ tí a yá, ẹ̀bùn, àti ìbẹ̀wò oníṣẹ́ ọnà?

Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí gbogbo ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ dáhùn, òun ni wọ́n sì sábà máa ń fi sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí a yá ní ọjọ́ ìpadà, ẹni tí ó ni ín kò sì yí padà. Ẹ̀bùn kò ní ọjọ́ ìpadà: ìlú tí ó gbà á ni yóò máa fọ̀ ọ́, tí yóò máa tún un kùn, tí yóò máa ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má ba à jẹ́, títí láé. Ìbẹ̀wò ní tirẹ̀ ni kí oníṣẹ́ ọnà lọ gbé ìlú kejì fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, kí ó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ó sì máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé.

Àwọn ìwé ibodè, adójútòfò, owó orí àti ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, gbogbo wọn ni wọ́n ń yí padà bí ìdáhùn bá ti yí padà. A ti rí àpótí tí ó dé tí àwọn tó fi í ránṣẹ́ ń pè é ní ìyálò, tí àwọn tó gbà á sì ti ṣe àkọlé idẹ sára ògiri pé ẹ̀bùn ni. Kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà sínú ìwé àdéhùn kí ẹ tó kan àpótí.

Bí ẹ bá bi èrò wa, ìbẹ̀wò ni a fẹ́ràn jù. Owó tí ó ń ná ìlú láti gbé ère onítọ́ọ̀nù méjì kọjá òkun lè gbé oníṣẹ́ ọnà mélòó kan lọ kí ó sì gbé wọn bọ̀. Nuremberg ti Jámánì àti Kraków ti Pólándì, tí wọ́n ti jẹ́ ọ̀rẹ́ láti 1979, gbọ́n ọgbọ́n kan: ilé kan wà ní Kraków tó ń jẹ́ orúkọ Nuremberg, òmíràn wà ní Nuremberg tó ń jẹ́ orúkọ Kraków, tí àlejò àti ìpàtẹ fi ní ibi tí wọ́n ń dé sí láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá gbọ̀ngàn kiri.

Ta ni yóò san owó?

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé ìlú tí ó ń rán iṣẹ́ tàbí ènìyàn lọ ni yóò san owó ìrìn àjò, ìlú tí ó ń gbàlejò ni yóò sì san owó ilé, oúnjẹ àti gbọ̀ngàn. Bí ìyípo kejì bá dé, ipò wọn yóò yí padà. Kì í ṣe òfin, ẹ lè pín in bí ó bá ṣe wù yín, bí ẹ bá ṣáà ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí ìgbìmọ̀ sábà máa ń gbàgbé ni owó oníṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀. Ìwé ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣe owó iṣẹ́. Ẹni tí ó fi oṣù kan sílẹ̀ láti ṣiṣẹ́ ní ìlú onílùú ní ilé tí ó ń san owó rẹ̀ níbi tí ó ti wá.

Ṣé ó yẹ kí ohun tí a fún wọn bá ohun tí wọ́n fún wa dọ́gba?

Ní iye owó, kò pọn dandan. Ìlú kékeré àti ìlú ńlá lè ṣọ̀rẹ́, a kò sì ní kí ìlú kékeré jẹ gbèsè nítorí ère. Ohun tí ó yẹ kí ó dọ́gba ni àfiyèsí: bí ẹ bá gbé iṣẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀, wọn yóò gbọ́.

Báwo ni a ṣe ń di iṣẹ́ ọnà kí ó má baà bàjẹ́ lọ́nà?

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ kọ ìwé nípa bí ó ṣe wà. Ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti gbogbo ibi tí ó bá ti sán tàbí tí ọ̀dà ti ṣí, kí ẹ kọ déètì sí i, kí ẹni méjì fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà kan yóò bá iṣẹ́ náà rìn nínú àpótí. Bí ó bá dé, wọn yóò mú ìwé yìí dání kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ náà jáde, wọn yóò sì máa fi ojú wé e ní ibi kọ̀ọ̀kan. Àríyànjiyàn tí ìwé ojú kan yìí ti pa lẹ́nu mọ́ kò níye.

Àpótí onípákó ní òfin tirẹ̀. Nítorí kòkòrò tí ń bá igi rìn kọjá òkun, pákó tí a fi ṣe àpótí gbọ́dọ̀ ti gba iná tí ó mú àárín rẹ̀ gbóná dé ìwọ̀n 56 Celsius fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30, tàbí irú ìtọ́jú mìíràn tí ISPM 15, ìlànà àgbáyé lórí pákó tí a fi ń di ẹrù, fọwọ́ sí. Òǹtẹ̀ ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n: àmì bíi ṣírí ọkà nínú àpótí onígun mẹ́rin, lẹ́tà méjì tó dúró fún orílẹ̀-èdè, nọ́ńbà ẹni tó ṣe é, àti HT bí iná ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ wá a lára pákó kí ẹ tó sanwó fún káfíńtà. Bí kò bá sí níbẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù lè dá gbogbo ẹrù náà padà, iṣẹ́ inú rẹ̀ ìbáà jẹ́ góòlù. Plywood, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lẹ̀ pọ̀, kò nílò òǹtẹ̀ yìí, nítorí ooru àti àtè tí a fi ṣe é ti tó.

Bí àpótí bá dé, ẹ má ṣí i. A mọ̀ pé ó le, pàápàá bí mẹ́yọ̀ àti oníròyìn bá ti dúró, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó jókòó nínú gbọ̀ngàn tí ẹ ó ti pàtẹ rẹ̀ fún wákàtí 24, kí ooru àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ lè bá ti ibẹ̀ mu díẹ̀díẹ̀. Àwòrán tí a kùn sórí pákó tí ó bọ́ láti inú òtútù sínú ooru lójijì lè sán níṣojú yín. Ní ti iṣẹ́ orí bébà àti aṣọ, iná tí ó tàn sí wọn kò gbọdọ̀ ju lux 50 lọ (lux ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀). Gbọ̀ngàn yóò ṣú díẹ̀, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn olùwòran.

Ǹjẹ́ a máa san owó ibodè lórí iṣẹ́ tí a kàn fẹ́ pàtẹ?

Bí ó bá máa padà, ẹ lè ṣàìsan án. Ìwé tí ó wà fún èyí ni ATA Carnet, tí ilé ìgbìmọ̀ àwọn oníṣòwò ń fúnni ní àwọn orílẹ̀-èdè tó gbà á. Ẹ ó kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i, ìwọ̀n rẹ̀ àti iye rẹ̀. Wọn yóò lu òǹtẹ̀ nígbà tí ó jáde, nígbà tí ó wọlé, àti nígbà tí ó padà. Kì í ju ọdún kan lọ. Bí orílẹ̀-èdè kan nínú méjèèjì kò bá sí nínú ètò náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù wọn nípa àṣẹ ìgbàwọlé onígbà díẹ̀.

Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹ gbàgbé lè mú kí wọ́n gbà pé ẹ ti ta iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó. Kí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ má ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa ka òǹtẹ̀ lọ.

Ṣé a lè ta iṣẹ́ níbi ìpàtẹ?

Iṣẹ́ tí ó wọlé pẹ̀lú Carnet wọlé láti padà ni. Bí ẹni tó rà á bá jáde, a gbọ́dọ̀ san owó ibodè àti owó orí kí ó tó di tirẹ̀. Ọ̀nà tí ó rọrùn ni kí wọ́n gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí iṣẹ́ náà padà sílé, kí oníṣẹ́ ọnà sì tà á fún un láti ibẹ̀.

Àwọn iṣẹ́ wo ni kò yẹ kí a gbìyànjú láti gbé?

Ohunkóhun tí ó ní eyín erin, ìkarahun ìjàpá òkun, ìyẹ́ ẹyẹ tí ó ṣọ̀wọ́n tàbí irú igi bíi rosewood lára. CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tí ó wà nínú ewu, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní 1973, ni ó ń ṣàkóso wọn, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì lè pẹ́ ju ìpàtẹ yín lọ. Kò kan bí nǹkan náà ti kéré tó: bọ́tìnì eyín erin kan lára ẹ̀wù ijó ti tó láti dá ẹrù dúró.

Bákan náà ni ohun àtijọ́. Àdéhùn UNESCO ti 1970 lòdì sí fífi ohun ìní àṣà ṣòwò lọ́nà àìtọ́, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kò sì jẹ́ kí ohun tó ti pẹ́ jáde láìsí àṣẹ. Kódà iṣẹ́ tuntun tí wọ́n gbẹ́ ní ìlànà àtijọ́ lè kó yín sí wàhálà bí kò bá ní ìwé tó sọ ọdún tí wọ́n ṣe é àti ẹni tó ṣe é.

Ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ fọ́tò iṣẹ́ náà sórí káàdì, káléńdà tàbí íntánẹ́ẹ̀tì?

Oníṣẹ́ ọnà ni, tàbí ẹni tí ó jogún rẹ̀. Níní ère kò túmọ̀ sí níní ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀. Àdéhùn Berne, tí ó ti wà láti 1886, fún ẹ̀tọ́ náà ní ó kéré tán ọdún 50 lẹ́yìn ikú oníṣẹ́, àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì ti sọ ọ́ di 70. Ẹ gba àṣẹ lórí ìwé, kí ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ lò ó fún: ìwé ìpàtẹ yàtọ̀ sí ife tíì tí ẹ fẹ́ tà.

Iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ńkọ́?

Òun ni ó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Sister Cities International ń ṣe ìdíje ọdọọdún fún àwọn ọ̀dọ́ ọdún 13 sí 18, ṣùgbọ́n ẹ kò ní láti dúró dè é. Kí gbogbo ọmọ lo bébà ìwọ̀n kan náà, kí ẹ tò ó pẹlẹbẹ sáàárín páálí líle méjì, nítorí ọ̀dà tó nípọn máa ń sán bí wọ́n bá ká a.

Ẹ gba àṣẹ òbí. Orúkọ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ orí nìkan ni kí ẹ kọ sẹ́yìn, kì í ṣe orúkọ àpapọ̀ tàbí àdírẹ́sì. Kí ẹ sì sọ tẹ́lẹ̀ bóyá àwòrán yóò padà, torí ọmọ tí ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ya ìyá rẹ̀ yóò béèrè.

Iṣẹ́ kan bàjẹ́ nígbà tí ó wà lọ́wọ́ wa. Kí ni ká ṣe?

Ẹ má tún un ṣe. Ẹ má lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi í sí ibi tí ó wà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú àpótí àti gbogbo ohun tí wọ́n fi dì í, ẹ kó èérún tó bá jábọ́ sínú àpò tí ẹ kọ orúkọ sí, kí ẹ sì kàn sí ẹni tó ni ín àti ilé iṣẹ́ adójútòfò ní ọjọ́ náà. Ìwé adójútòfò tí ó dára fún irú èyí máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti yọ iṣẹ́ kúrò lórí ìṣó nílé rẹ̀ títí di ìgbà tí ó bá padà sórí ìṣó kan náà. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àwọn kan kì í ka àsìkò tí ó wà lórí ògiri mọ́ ọn.

Bí ìṣèlú bá wọ ọ̀rọ̀ náà ńkọ́?

Ó máa ń wọ̀ ọ́, iṣẹ́ ọnà sì lè jẹ́ ohun tí yóò fà á. San Francisco ti Amẹ́ríkà àti Osaka ti Jàpáànù di ọ̀rẹ́ ní 1957. Ní 2017, ẹgbẹ́ aráàlú kan ní San Francisco gbé ère kalẹ̀ ní ìrántí àwọn obìnrin tí àwọn ọmọ ogun Jàpáànù fi tipátipá sọ di ẹrú ìbálòpọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì: ọmọbìnrin mẹ́ta, ará Kòríà, ará Ṣáínà àti ará Filipínì, di ara wọn lọ́wọ́ mú lórí òpó, ìyá àgbà kan sì dúró nísàlẹ̀ tí ó ń wò wọ́n. Mẹ́yọ̀ Osaka ní kí ìlú San Francisco má gbà á. Ìlú náà gbà á, Osaka sì fòpin sí àdéhùn náà ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Ère náà ṣì dúró.

A kò rò pé ó yẹ kí San Francisco kọ ère náà. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí fi yé ni ni pé ìlú ọ̀rẹ́ kì í wo kìkì ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Ó ń wo ohun tí ẹ gbé sí àárín ìlú tiyín náà. Bí àwọn aláṣẹ bá ti bá ara wọn jà, bí ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù ṣe dá àjọṣe wọn pẹ̀lú àwọn ìlú Rọ́ṣíà dúró ní 2022, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí àwọn iṣẹ́ tí ẹ yá wà. Èyí ni ìdí tí àwọn orílẹ̀-èdè kan, bí Amẹ́ríkà láti 1965, fi ní òfin tí kò jẹ́ kí ilé ẹjọ́ gbẹ́sẹ̀ lé iṣẹ́ ọnà tí a yá láti òkè òkun, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tọrọ ààbò náà kí iṣẹ́ tó wọlé.

Ère tí ìlú ọ̀rẹ́ fún wa ti dípẹtà, a sì fẹ́ fẹ ọ̀nà níbi tí ó wà. Ṣé a lè gbé e kúrò?

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn, tiyín ni, ẹ sì lè gbé e. Bí ẹ ṣe máa gbé e ni ìṣòro. Àdéhùn Berne fún oníṣẹ́ ọnà ní ẹ̀tọ́ láti tako bíba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ tàbí yíyí i padà lọ́nà tí yóò ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ẹ̀tọ́ yìí kì í sì í tẹ̀ lé ère lọ bí wọ́n bá fi í tọrẹ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ère tí wọ́n ṣe fún ibì kan pàtó, tí ìrísí rẹ̀ bá ibẹ̀ mu, lè di ẹjọ́ bí wọ́n bá gbé e lọ síbòmíràn láìsọ.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ìlú tó fún yín àti sí oníṣẹ́ ọnà, tàbí àwọn tó jogún rẹ̀, ó kéré tán oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ẹ fi fọ́tò ibi tí ìpẹtà ti dé sí i, kí ẹ dárúkọ ibi tuntun tí ẹ ní lọ́kàn, ẹ má kàn kọ pé ẹ ó wá ibì kan. Ẹ ní kí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ó tún un ṣe. Bí wọ́n bá fẹ́ gbà á padà, àpótí, adójútòfò àti ìwé ibodè yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ni yóò sì san án.